Ọgbẹ́ Tí Ojú Kò Rí: Níbo Ni Ẹni Tí A Fipá Bá Lò Ti Lè Rí Ìtọ́jú?

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́bìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ìlú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni ó bá wa sọ. Ó ní ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì òun, ọmọ ọdún 13, tí ó máa ń ṣe ipò kìn-ín-ní tàbí ìkejì láti ìgbà tí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Lójijì ni ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí sùn lórí ìjókòó. Bí ẹnì kan bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, jìnnìjìnnì a bò ó. Kò ka ìwé mọ́, kò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn tí agogo ìparí ẹ̀kọ́ ti lù, olùkọ́ náà pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Ọmọ náà dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má bínú sí mi." Láti ẹ̀yìn gbólóhùn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti jáde. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà, tí ó ń pè ní bọ̀ọ̀dá, ni ó ti ń fipá bá a lò.

Kì í ṣe pé olùkọ́ náà kò mọ̀ pé ìwà ọ̀daràn ni èyí ni ó fi kọ̀wé sí wa. Ó mọ̀. Àwọn ẹbí ọmọ náà pẹ̀lú ti gbọ́. Wọ́n ti pe ìpàdé, wọ́n ti lé ọkùnrin náà kúrò nílé, wọ́n sì ti sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. "Ṣùgbọ́n," ni olùkọ́ náà kọ, "ọ̀rọ̀ kò tíì parí nínú ọmọ yìí. Kì í sùn lóru. Níbo ni mo lè mú un lọ?"

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí. A ti wádìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀, a sì ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ ojú ìwé ìròyìn. Àwọn baba wa ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ni ó sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Bí òwe méjì bá kọlu ara wọn, èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀ ni àwa yóò tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bá ẹnu ara wa wí díẹ̀. Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Wọ́n ti bà á jẹ́." Ohun tí ó bá ti bàjẹ́, a kì í tọ́jú rẹ̀, dídànù ni a ń dà á nù, bí ọbẹ̀ tí ó kan. Ọmọ tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ àgbà yóò gbà á gbọ́, yóò sì máa gbé e kiri títí ọjọ́ ogbó. Ẹni tí ó hu ìwà ìbàjẹ́ ni ó bàjẹ́. Ẹni tí a hù ú sí, ọgbẹ́ ni ó gbà, ọgbẹ́ a sì máa jinná bí a bá tọ́jú rẹ̀.

Irú ọgbẹ́ wo ni? Ní ọdún 1974, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Ann Burgess, òun àti Lynda Holmstrom tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ní ilé ìwòsàn ìlú Boston ni wọ́n ti ń jókòó ti àwọn tí a fipá bá lò, lọ́sàn-án àti lóru, bí a ti ń gbé wọn dé. Wọ́n rí i pé ìrora wọn ní ojú kan náà. Oorun a dá. Oúnjẹ a kọ̀. Ẹ̀rù a máa bà wọ́n láti dá wà, ẹ̀rù a sì tún máa bà wọ́n láti wà láàárín èrò. Wọ́n a máa dá ara wọn lẹ́bi. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ọlọ́pàá àti olùkọ́ máa rántí: àwọn kan ń sunkún, ara wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jókòó jẹ́ẹ́, ojú wọn gbẹ, wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mélòó nínú àwọn oníjẹ́ẹ́ yìí ni a ti pè ní onírọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá àti ní ìpàdé ẹbí, nítorí pé wọn kò sunkún bí a ti rò pé ó yẹ kí wọ́n sun ún? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí a ń bi pé, "Èé ṣe tí o kò fi pariwo?" Nígbà tí ẹ̀rù ńlá bá dé bá ènìyàn, ara a máa kú tipiri, ohùn a sì há. Ara ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Kì í ṣe ìfọwọ́sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kan náà ni àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kó ara wọn jọ láti gba ara wọn lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1972 wọ́n dá ilé ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ ní Washington. Ní ọdún 1976 ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ìjọba ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin fúnra wọn ni, pẹ̀lú yàrá kan, tẹlifóònù kan, àti àwọn tí ó ṣe tán láti gbọ́ràn. Ní ọdún 1986 ni ilé ìwòsàn St Mary's ní Manchester wá mú ìwòsàn ara, gbígba ẹ̀rí fún ilé ẹjọ́ àti ìtọ́jú ọkàn pọ̀ sí abẹ́ òrùlé kan, kí ẹni tí ìyà jẹ má baà máa tún ìtàn kan náà rò láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì.

Nígbà tí àwa fúnra wa ń kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn kékeré kan ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Kò sí orúkọ lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Aago tí ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó sọ fún wa irú ẹni tí ń pàdé nínú rẹ̀. Ohun tí a sì wí ní ọjọ́ náà, ojú ń tì wá láti kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí: a ní àwọn òyìnbó ni irú èyí wà fún, nítorí pé wọn kò ní ẹbí tí wọn yóò ké sí. Àṣìṣe gbáà ni. Láti inú ẹbí, láti ọ̀dọ̀ ará ilé, ọ̀rẹ́ bàbá, aládùúgbò tàbí ẹni tí a fi ọmọ tì ni ìjàǹbá náà ti ń wá nígbà púpọ̀. Báwo ni ọmọ yóò ṣe ro ẹjọ́ rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń bá ẹni tí ó ṣe é ní ibi jẹun nínú àwo kan náà?

Ẹni tí ó bá sì tún ń wí pé àjèjì ni kí a máa wo ọkàn sàn láàárín àwùjọ, kí ó rántí Arò ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, sì fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, olúkúlùkù pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan. Wọ́n ń bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko, wọ́n ń bá wọn ṣe fàájì, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Àwọn onímọ̀ òkè òkun wá síbẹ̀ láti kọ́gbọ́n. A kò sọ pé ọ̀ràn ìfipábánilòpọ̀ ni Lambo dá abúlé sílẹ̀ fún. Ohun tí a ń sọ ni pé àárín àwọn ènìyàn tí kò lé e ni ọkàn tí ó fara gbọgbẹ́ ti ń padà bọ̀ sípò, àti pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó fi èyí han ayé.

Wàyí o, níbo ni a ń lọ? Bí ó bá jẹ́ Èkó ni, ọ̀nà wà. Ní Oṣù Keje ọdún 2013 ni Mirabel Centre ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Agbẹjọ́rò kan, Itoro Eze-Anaba, ni ó ṣe aṣáájú ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ní Yábàá, ilé ìtọ́jú WARIF wà, tí Dókítà Kẹ́mi DaSilva-Ibru, oníṣègùn àwọn obìnrin, dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2016. Ẹgbẹ́ Cece Yara ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọmọdé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní ọdún 2014 lórí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Ní ọdún 2021 ni òfin sọ ọ́ di àjọ tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ní Mirabel, kò sì di dandan kí ènìyàn kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun tí ó kàn yìí sọ́kàn, nítorí pé aago ni ó ń bá ènìyàn sáré. Bí ìjàǹbá náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí wákàtí 72 kọjá kí a tó dé ilé ìwòsàn. Oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 72; ọjọ́ 28 ni a sì ń lò ó láìfi ọjọ́ kan fò. Oògùn tí ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí dé ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n bí a bá ti tètè lò ó tó ni ó ń dára tó. Kí ẹni náà má wẹ̀ kí dókítà tó rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí ọkàn rẹ̀ yóò fẹ́ ni omi àti ọṣẹ. Kí a di aṣọ tí ó wọ̀ sínú ìwé, kì í ṣe sínú ọ̀rá, nítorí pé ọ̀rá ń mú kí ẹ̀rí rà. Ẹni tí ó sì ti wẹ̀, kí ó lọ síbẹ̀.

Bí ọdún kan bá ti kọjá ńkọ́? Bí ó bá tó ogún ọdún ńkọ́? Obìnrin tí ó ti bímọ mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọmọ ọdún 9? Àwọn wọ̀nyí náà ni ìtọ́jú ọkàn wà fún, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alábàárò ti wọlé.

Ẹ̀rí tí ó wú wa lórí jù lọ nínú gbogbo ohun tí a kà wá láti ilẹ̀ Kóńgò, ní ìlà-oòrùn rẹ̀ níbi tí ogun ti sọ àwọn obìnrin di ìkógun. Ní ọdún 2013, Judith Bass ti Yunifásítì Johns Hopkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n pín àwọn abúlé sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan, àwọn obìnrin tí a ti fipá bá lò ń rí ìrànlọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní apá kejì, olúkúlùkù wọn kọ́kọ́ bá olùtọ́jú jókòó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n pàdé ní ẹgbẹ́ ní ìgbà 11. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ìtọ́jú parí, nínú àwọn tí ń rí ìrànlọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìbànújẹ́ tàbí ìpayà ṣì dè mọ́lẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n jọ pàdé, 9 péré ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ èyí tí ó kàn. Àwọn tí ó ń darí ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe dókítà. Obìnrin àdúgbò ni wọ́n, tí ẹ̀kọ́ wọn lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè máà ju ọdún 4 lọ, tí a wá fún ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń tọ́ sọ́nà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú kò mọ̀wé kà. Nítorí náà ni a ṣe sọ ẹ̀kọ́ náà di ohun tí a lè fi sórí. Ogun kò sì tíì tán ní àdúgbò náà nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kí ni àwa, tí a ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àti ti àwọn nọ́ọ̀sì káàkiri, yóò wí?

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ìpàdé náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni olúkúlùkù yóò dìde, tí yóò máa ro bí wọ́n ti ṣe é níkọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú ìtọ́jú tí wọ́n lò ní Kóńgò, tí Patricia Resick ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, èrò tí ìjàǹbá náà fi sílẹ̀ sínú ọkàn ni a ń gbé wò. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin kan lè sọ pé, "Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo gba ọ̀nà oko lọ ní ìrọ̀lẹ́." Olùdarí kò ní sọ pé, "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Yóò bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ìgbà mélòó ni ẹ ti gba ọ̀nà náà rí?" "Ojoojúmọ́ ni." "Kí ni ó yàtọ̀ ní ọjọ́ náà?" Obìnrin náà yóò ronú, yóò sì ní, "Wọ́n wà níbẹ̀ ni." Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí òun náà ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, yóò gbọ́ ìdáhùn yìí bí ẹni pé òun ni ó dáhùn. Ẹni tí ó kàn ni ó mọ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu ẹni tí ó kàn jáde fi ń wọni lára ju ti ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àpéjọ ni ó ń woni sàn, òmíràn ń fi iyọ̀ sí egbò ni. Ẹgbẹ́ tí ó dára kì í pọ̀ jù. Ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Kì í kó àgbà àti ọmọdé pọ̀. Olùdarí rẹ̀ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, òun náà sì ní ẹni tí ó ń bá a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà. A kì í gba ohùn sílẹ̀, a kì í ya fọ́tò, a kì í sì fi ipá fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, kí ó jókòó. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé òun yóò wo ọmọ yín sàn ní ọjọ́ kan, tàbí tí ó ní kí ẹ má lọ sí ilé ìwòsàn, tàbí tí ó ń bá ọmọ ṣe ìpàdé ní ìkọ̀kọ̀ ní ilé ara rẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kíákíá. Bákan náà ni ẹni tí ó ń kánjú pe ẹni tí ó ṣe ibi wá láti dọ̀bálẹ̀ kí ọmọ sì dárí jì í lójú ẹbí. Ìdáríjì, bí yóò bá wáyé, ohun ìní ẹni tí a ṣẹ̀ ni. Kò sí àgbà tí ó lè bá a ná an.

A bọ̀wọ̀ fún àwọn pásítọ̀ àti àwọn ààfáà wa, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ sá lọ, púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣe iṣẹ́ ìtùnú tí kò ní òǹkà. Ohun kan ṣoṣo ni a bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n má ṣe gbé ọmọ lọ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àdúrà kò dí oògùn lọ́wọ́, kò sì dí olùdámọ̀ràn lọ́wọ́.

Fún ọmọ bí èyí tí olùkọ́ wa kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹgbẹ́ àgbàlagbà kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Irú ìtọ́jú kan wà tí ó jẹ́ ti ọmọdé, nínú èyí tí ọmọ àti ẹni tí ń tọ́ ọ jọ máa ń wá, tí a ń kọ́ ọmọ bí yóò ṣe mú ara rẹ̀ balẹ̀, tí a ń fi àwòrán àti ìtàn bá a sọ̀rọ̀, tí a sì ń kọ́ òbí bí yóò ṣe dáhùn láìbínú. Ní Lùsákà ní ilẹ̀ Sáńbíà, wọ́n dán an wò fún àwọn ọmọ tí ojú wọn ti rí màbo, 257 ọmọ ni ó kópa nínú ìwádìí náà, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2015. Níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe dókítà ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ará ìlú tí a kọ́ ni. Ìpayà àwọn ọmọ tí ó gba ìtọ́jú náà lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọmọkùnrin. Ìwádìí tí Àjọ Ìkànìyàn Nàìjíríà àti UNICEF ṣe ní ọdún 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin 1 nínú 4 àti ọmọkùnrin 1 nínú 10 ni ìwà ipá ìbálòpọ̀ ti kàn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Ọmọkùnrin tí ó bá sọ ọ́ jáde, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi rín in, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin àgbà ni ó ṣe é. Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe ní ọjọ́ tí ọmọ bá la ẹnu? Kí ó gbọ́. Kí ó sọ pé, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. O ṣeun tí o sọ fún mi." Kí ó má ṣe béèrè kúlẹ̀kúlẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ àwọn tí a kọ́ fún un ni, ìbéèrè àbùjá sì lè ba ẹ̀rí jẹ́. Kí ó má ṣe ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìlérí tí kò ní lè mú ṣẹ ni. Kí ó kọ ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ó sì gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ti ìjọba. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá náà tàbí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ dárúkọ, kí ó gba ẹ̀yìn wọn lọ. Wọ́n lé bọ̀ọ̀dá yẹn kúrò nílé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ilé ta ni ó lọ? Ọmọ mélòó ni ó wà níbẹ̀?

Òfin kò ṣe aláìsọ̀rọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀. Òfin tí ó tako ìwà ipá sí ènìyàn, tí ó jáde ní ọdún 2015, gbà pé a lè fipá bá ọkùnrin náà lò. Ó sì sọ ní kedere pé ẹni tí ìyà jẹ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ara, ìtọ́jú ọkàn àti ìrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Àmọ́ ìwé ni òfin. Ìwádìí ọdún 2014 tí a mẹ́nu bà lókè fi hàn pé nínú àwọn ọmọ tí ìwà ipá kàn, àwọn tí ó rí ìrànlọ́wọ́ gbà kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní ìjàǹbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú Benin tí ó sì kú, àwọn gómìnà wa pa ohùn pọ̀ pé àwọn kéde ọ̀ràn pàjáwìrì lórí ìfipábánilòpọ̀. Ìkéde rọrùn ju yàrá kan pẹ̀lú olùdámọ̀ràn kan tí ń gba owó oṣù rẹ̀ déédéé lọ.

A gba òmìnira ní ọdún 1960, síbẹ̀ òfin àwọn amúnisìn tí ń pe aláìsàn ọkàn ní wèrè ni ó wà lórí wa títí di Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 kí a tó buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí a ti ka ọ̀rọ̀ yìí sí, kí ó wo iye ọdún tí ó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ó yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn ńlá ti ìpínlẹ̀ ní irú yàrá tí ó wà ní Ìkẹjà. Ó yẹ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní bí a ti ń gbọ́ ọmọ. Owó rẹ̀ kò tó owó afárá kan.

A fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ sí olùkọ́bìnrin náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìwé rẹ̀ kejì dé. Òun àti àbúrò ìyá ọmọ náà wọ ọkọ̀ ní agogo márùn-ún ìdájí, wọ́n sì mú ọmọ dé ibi tí a júwe. Wọ́n ti lọ ní ìgbà mẹ́rin báyìí. Àbúrò ìyá náà, tí ó kọ́kọ́ ní kí a má da ẹbí rú, ni ó ń bá ọmọ jókòó nísinsìnyí nígbà tí wọ́n bá ní kí àgbà kan wá. Ẹjọ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kò sì tíì yá. Owó ọkọ̀ ni ó ń fún wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá a lóṣooṣù, wọn kò sì béèrè ọmọ ta ni. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí agogo tó lù, ọmọ náà wá bá òun lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí a rán níṣẹ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo sùn lánàá."